Wọ́n Pọ̀, Àmọ́ Wọn Ò Rìn

Ìyá Láàbù ń dáhùn ìbéèrè yín

Ọ̀rọ̀ àtọ̀ ọkùnrin ló kún inú lẹ́tà lóṣù yìí. Mo mú mẹ́rin nínú wọn. Ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn jù: ẹni tó kọ ọ́ to gbogbo nọ́ńbà inú èsì rẹ̀ síbẹ̀, kò sì bú ìyàwó rẹ̀ rárá.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Láàbù. Ẹni ọdún 38 ni mí, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí a ti ṣègbéyàwó, ìyàwó mi ò tíì lóyún. Wọ́n ti yẹ òun wò, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Èsì tèmi rèé: omi rẹ̀ jẹ́ mílílítà 3; hóró àtọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 52 nínú mílílítà kan; nínú ọgọ́rùn-ún, 9 ló ń lọ síwájú, 7 ń gbọ̀n lójú kan, 84 ò mira rárá. Dókítà kọ asthenozoospermia sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá alágbo àdúgbò wa ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ohun dídùn ló ń pa àtọ̀ mi. Láti ìgbà náà mi ò fi ṣúgà sí tíì mọ́, mò ń mu agbo kíkan láàárọ̀ àti lálẹ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, nígbà tí wọ́n pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí wọn ò rìn? Ta ló jí agbára wọn?

Tíṣà wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ní ti iye, ẹ ò ní ìṣòro. Ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2021 fún àwa ará láàbù fi mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan ṣe ààlà ìsàlẹ̀. Tiyín ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ìrìn ni wàhálà wà, òun ni asthenozoospermia tí dókítà kọ. Ìwé kan náà ní kí àwọn tó ń lọ síwájú má dín ní 30 nínú ọgọ́rùn-ún, 9 lẹ sì ní. Àmọ́ ẹ má ka ààlà yẹn sí ìdájọ́ ikú. Àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàárín ọdún kan ni wọ́n fi ṣe é: wọ́n to èsì wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì fa ìlà síbi tí ìdá márùn-ún tó kẹ́yìn nínú ọgọ́rùn-ún bẹ̀rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé àwọn tó wà lábẹ́ ìlà náà bímọ. Ó kàn lè pẹ́ díẹ̀ ni.

Kí a tó máa wá olè, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rí i dájú pé nǹkan sọnù. Níbo lẹ ti gba àtọ̀ yẹn, báwo ló sì ṣe dé láàbù? Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sídìí máíkírósíkóòpù, ojú mi ti rí ohun tí àwọn ọkùnrin ń gbé wá: ìgò oògùn ikọ́ tí wọn ò fọ̀ dáadáa, kọ́ńdọ́ọ̀mù tí wọ́n ta ní kókó, ike yọ́gọ́ọ̀tì tó ti jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ fún wákàtí méjì. Ọ̀gbẹ́ni kan gbé tirẹ̀ sínú fíríìjì mọ́jú, kó má bàa bàjẹ́, ó sì bínú sí mi nígbà tí mo ní kó lọ gba òmíràn wá. Òtútù máa ń dá wọn dúró. Ọṣẹ, itọ́ ẹnu àti ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n fi ń mú nǹkan yọ̀ máa ń ba ìrìn wọn jẹ́, oògùn inú àwọn kọ́ńdọ́ọ̀mù kan sì ń pa wọ́n pátápátá. Kí àtọ̀ má jáde lára yín fún ó kéré tán ọjọ́ méjì, kó má ju méje lọ. Ike ẹlẹ́nu gbòòrò tí láàbù bá fún yín ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gbà á níbẹ̀. Bó bá di dandan pé ilé ni, ẹ fi í sábẹ́ aṣọ níbi tó ti kan ara yín, kó sì dé láàbù kó tó pé wákàtí kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ tún un ṣe. Èmi kì í gba èsì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo gbọ́, pàápàá tí ibà bá ti dá ẹni náà wó láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá, torí pé nǹkan bí ọjọ́ 74 ni hóró àtọ̀ fi ń dàgbà nínú kórópọ̀n, yóò sì tún lo ọjọ́ mélòó kan sí i lójú ọ̀nà kó tó jáde. Àtọ̀ tí ẹ rí lónìí, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Bí èkejì bá tún rí bí àkọ́kọ́, ìbéèrè kan wà tí èsì yín ò dáhùn. Àwọn 84 tí kò mira yẹn, ṣé wọ́n ti kú ni, àbí wọ́n wà láàyè tí wọn ò kàn lè rìn? Aró pupa kan tí à ń pè ní eosin la fi ń mọ̀ ọ́n. Ara èyí tó ti kú ti lu, aró á wọlé, orí rẹ̀ á pọ́n. Èyí tó wà láàyè ò ní gbà á wọlé, funfun ló máa wà. Tí púpọ̀ bá pọ́n, nǹkan kan ń pa wọ́n níbì kan. Tí púpọ̀ bá funfun tí wọn ò sì rìn, a jẹ́ pé ìrù fúnra rẹ̀ ló lábùkù, tàbí pé ohun tó yẹ kí ìrù máa jẹ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ṣé láti kékeré yín ni ikọ́ àti imú dídí ti ń yọ yín lẹ́nu? Ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Irun tíntìntín tó ń gbá ẹ̀dọ̀fóró mọ́ àti ìrù àtọ̀, ọ̀nà kan náà ni ara gbà mọ wọ́n, bí ọ̀kan bá lábùkù látìgbà ìbí, èkejì sábà máa ń ní in.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ agbára. Hóró àtọ̀ ní orí, ọrùn àti ìrù, gbogbo gígùn rẹ̀ ò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ẹrù tó ń gbé lọ fún ẹyin wà nínú orí. Ìrù ló ń jù ú síwájú. Ọrùn ni màìtokọ́ńdíríà, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń pèsè agbára fún sẹ́ẹ̀lì, wé mọ́ yíká, nǹkan bí 50 sí 75. Kí ìrù tó lè jù, ó nílò ATP, epo tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́, ohun kan náà tí iṣan ẹsẹ̀ yín ń lò bí ẹ bá ń gun òkè. Ọ̀nà méjì ló sì ní láti rí i, bí ilé tó ní iná NẸ́PÀ tó tún ní jẹnẹrétọ̀. Màìtokọ́ńdíríà ọrùn ń lo ọ́síjìn, ìwọ̀nba oúnjẹ díẹ̀ ni wọ́n sì fi ń mú ATP púpọ̀ jáde. Ìrù ní tirẹ̀ ń fọ́ ṣúgà láìlo ọ́síjìn, lójú iṣẹ́ gan-an, torí pé ọrùn jìnnà sí ṣóńṣó ìrù.

Èwo ló gbára lé jù? Wọ́n ti ń jiyàn rẹ̀ tipẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, John MacLeod ní New York rí i pé àtọ̀ ènìyàn ń rìn níbi tí kò sí ọ́síjìn, bí ṣúgà bá ti wà, àti pé ọ́síjìn tó bá pọ̀ jù gan-an ló ń dá a dúró. Ní 2004, àwọn onímọ̀ ní Chapel Hill, North Carolina, yọ jíìnì kan kúrò lára eku, èyí tí ìrù àtọ̀ nílò láti fọ́ ṣúgà. Màìtokọ́ńdíríà àwọn eku náà ń lo ọ́síjìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ ATP inú àtọ̀ wọn já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, wọn ò lè lọ síwájú, àwọn akọ eku náà ò sì bímọ. Ẹ wò ó, àtọ̀ wà, ìrìn ò sí. Eku kì í ṣe ènìyàn, mi ò sì sọ pé jíìnì yín ló sọnù. Lára ènìyàn, ọ̀nà méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń ka iye, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ.

Ìyẹn ló gbé wa dé ìdí ṣúgà tí ẹ lé kúrò nínú tíì. Ìyá alágbo máa bínú sí mi, àmọ́ ṣúgà ni oúnjẹ àtọ̀. Àpò kékeré méjì tó wà lẹ́yìn àpò ìtọ̀ ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú omi tó ń gbé àtọ̀ jáde, wọ́n sì ń fi ṣúgà fructose sí i. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, bí omi ẹnì kan bá kéré tí hóró kankan ò sì sí nínú rẹ̀, a máa ń da resorcinol àti ásíìdì sí i, a ó sè é. Bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, fructose wà níbẹ̀. Bí kò bá pa àwọ̀ dà, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ti dí, tàbí pé wọn ò bí àpò méjì yẹn mọ́ ọn. Ẹni tó ní ṣúgà ń pa àtọ̀ ò tíì dúró ti ìgò yẹn rí. Ẹ má torí ẹ̀ lọ gbé páálí ṣúgà o! Èyí tí ẹ ń mu kì í lọ bá àtọ̀ tààrà. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ara ti ń mú ohun tó fi ń ṣe tirẹ̀. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni ìtọ̀ ṣúgà tí ẹni tó ní in ò tọ́jú: ó ń ba hóró àtọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́, ó sì ń ba àwọn iṣan tó ń ti àtọ̀ síta jẹ́, débi pé ti ẹlòmíràn á padà sínú àpò ìtọ̀. Ẹ lọ wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín láàárọ̀ kí ẹ tó fẹnu kan nǹkan. Bó bá dára, ẹ fi ṣúgà sí tíì yín níwọ̀nba, kí inú yín dùn. Agbo ni kí ẹ dá dúró títí di àyẹ̀wò kejì, kó má bàa da èsì rú. Bó bá jẹ́ ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́, ẹ má padà sídìí rẹ̀ mọ́.

Ta ló wá jí agbára? Ẹni tí èmi máa kọ́kọ́ fura sí ni varicocele, ìyẹn kí iṣan ẹ̀jẹ̀ wú, kó lọ́ pọ̀ nínú àpò kórópọ̀n, tòsì ló sì sábà máa ń jẹ́. Nínú 100 ọkùnrin, nǹkan bí 15 ló ní in. Láàárín àwọn tó ń wá ọmọ, ó tó 35 sí 40. Ó ń mú ibẹ̀ gbóná, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n 2 sí 4 ló yẹ kí kórópọ̀n fi tutù ju inú ara lọ. Màìtokọ́ńdíríà náà sì máa ń tú èéfín bí ẹ̀rọ: bí ooru, sìgá tàbí àìsàn bá ti da iṣẹ́ màìtokọ́ńdíríà rú, ọ́síjìn tó ti di oró ni wọ́n máa ń tú jáde. Awọ ara hóró àtọ̀ kún fún ọ̀rá ẹlẹgẹ́ tí oró yìí máa ń jẹ kíákíá, kò sì ní àyè nínú fún àwọn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì yòókù fi ń gba ara wọn là. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ náà ń tú oró yìí. Ẹ wo èsì yín: bí wọ́n bá kọ ọ́ pé sẹ́ẹ̀lì funfun ju mílíọ̀nù kan lọ nínú mílílítà kan, kí wọ́n wá àrùn tó wà níbẹ̀, àtọ̀sí tàbí òmíràn, kí wọ́n tó kọ oògùn. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n kàn fún ènìyàn "bóyá" kò dára lójú mi.

Wọn ó tún tà yín ní síńkì àti folic acid, nínú ìgò tí wọ́n ya fọ́tò ọmọ jòjòló sí lára. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn ọkùnrin ní míligíráàmù 30 síńkì àti 5 folic acid lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní èyí tí kò ní nǹkankan nínú. Tọkọtaya 2,370 ni gbogbo wọn. Èsì jáde ní 2020: iye ọmọ tí wọ́n bí ò yàtọ̀, àtọ̀ ò sì sàn sí i. Ẹ fi owó yẹn lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa nǹkan ọkùnrin. Kó ní kí ẹ dìde dúró, kó fọwọ́ kàn yín, kó ní kí ẹ fún ikùn. Dókítà tó bá jókòó sẹ́yìn tábìlì, tó kàn kọ ìwé oògùn láìfọwọ́ kàn yín, ẹ wá òmíràn. Bó bá rí varicocele tó ṣeé fọwọ́ bà, iṣẹ́ abẹ lè ràn yín lọ́wọ́. Bí kò bá sí nǹkankan tó ṣeé tún ṣe, ICSI wà, èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi bímọ ní Brussels ní 1992: wọ́n á mú hóró kan ṣoṣo, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ẹyin. Kò pọn dandan kó mọ̀ ọ́n rìn, kó ṣáà ti wà láàyè. Ẹ rí ìdí tí mo fi ń da aró pupa yẹn láàmú.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Màmá, ẹ gbà mí. Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti délé ọkọ. Gbogbo àyẹ̀wò tó wà láyé ni mo ti ṣe. Ọkọ mi ní òun ò ṣe, pé ọkùnrin tí nǹkan rẹ̀ ń dìde bó ṣe yẹ kì í ṣe òun ló níṣòro. Ìyá rẹ̀ sì ti ń wá ìyàwó kejì.

Ìyàwó wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀tọ̀ ni kó dìde, ọ̀tọ̀ ni kó bímọ. Mo ti wo omi ọkùnrin tí kò sí hóró kan nínú rẹ̀, ẹni náà sì ń rìn gìrìgìrì jáde ní yàrá. Hóró àtọ̀ ò kó ju ìdá díẹ̀ lọ nínú omi tó ń jáde. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, ojú lásán ò lè mọ̀, bó ki, bó ṣàn. Nínú ìdajì àwọn tọkọtaya tó ń wá ọmọ, ọwọ́ ọkùnrin wà níbẹ̀, bóyá òun nìkan ni tàbí òun àti obìnrin. Ìyàwó kejì ò lè yí ìyẹn padà.

Ẹ má gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ. Ẹ bẹ ọkùnrin tó ń bọ̀wọ̀ fún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí àlùfáà yín, tó bá lè jẹ́ ẹni tí òun náà ti ṣe é rí. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ. Kì í ro ni lára, kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Bí ìyá ọkọ bá ṣì ń pariwo, màìtokọ́ńdíríà tí àtọ̀ ọmọ rẹ̀ fi ń lágbára, ọ̀dọ̀ òun ìyá ló ti rí i. Ẹnikẹ́ni kì í gbà á lọ́dọ̀ bàbá. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín o.

Láti Ìkẹjà

Ìyá Láàbù, ẹni ọdún 27 ni mí. Kóòṣì tó ń kọ́ mi ní jíìmù ti ń gún mi ní testosterone láti ọdún tó kọjá. Ara mi ti gbòòrò, mo sì lágbára. À ń múra ìgbéyàwó, èmi àti àfẹ́sọ́nà mi lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní kò sí hóró kankan. Ṣé kì í ṣe testosterone ni nǹkan ọkùnrin ni?

Ọmọ mi, òun náà ni, àmọ́ èyí tí kórópọ̀n fúnra rẹ̀ bá ṣe ni àtọ̀ ń lò. Ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí kórópọ̀n pé kó máa ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá ti rí testosterone abẹ́rẹ́ rẹpẹtẹ nínú ẹ̀jẹ̀, kò ní ránṣẹ́ mọ́, kórópọ̀n á sùn, á tilẹ̀ sún kì. Ní 1990, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n gún ọkùnrin 271 tí ara wọn le ní míligíráàmù 200 testosterone lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, láàárín oṣù mẹ́fà hóró àtọ̀ ti tán pátápátá lára 157 nínú wọn. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń wá? Oògùn tí ọkùnrin á máa lò kí ìyàwó rẹ̀ má bàa lóyún. Ohun tí kóòṣì rẹ ń gún ọ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ló ń padà bọ̀ sípò bí wọ́n bá dáwọ́ dúró. Fún àwọn kan ó ń gba oṣù díẹ̀, fún àwọn mìíràn ó ń ju ọdún kan lọ. Lọ bá dókítà tó mọ̀ nípa họ́mọ̀nù kó tó di pé o dáwọ́ dúró, torí pé ara lè rọ̀ ọ́ wọ̀ọ̀, ọkàn rẹ sì lè bàjẹ́. Mú ìgò oògùn náà dání, má fi iye tí o ń gbà pa mọ́. Má jẹ́ kí kóòṣì ta òmíràn fún ọ pé òun ló máa tún un ṣe. Kí o sì sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tó pín ìwé ìpè.

Láti Ìlọrin

Ẹ kú ọpọlọ pípé, Màmá. Wọ́n ní ICSI ló kù fún èmi àti ìyàwó mi, torí pé àtọ̀ mi ò rìn, kò sì tó mílíọ̀nù 3. Tí a bá bí ọmọkùnrin, ṣé ohun tó ń ṣe mí máa ṣe òun náà?

Ó kù sọ́wọ́ ohun tó fà á. Tó bá jẹ́ màìtokọ́ńdíríà yín ló lábùkù nínú jíìnì tirẹ̀, ọkàn yín balẹ̀: ẹyin máa ń pa ti bàbá run lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pàdé, ti ìyàwó yín ni ọmọ máa gbà. Àmọ́ nígbà tí iye yín ò tó mílíọ̀nù 5, ẹ ní kí wọ́n yẹ krómósóòmù yín, ìyẹn àwọn okùn tó ń gbé jíìnì, wò kí ẹ tó san owó ICSI, pàápàá krómósóòmù Y. Bí ẹyọ kan bá já kúrò lára Y níbi tí àtọ̀ ti ń gbàṣẹ, ọmọkùnrin tí ẹ bá bí máa jogún rẹ̀ ní tààrà. Ọmọbìnrin ò ní jogún rẹ̀. Láti inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò náà, ẹ̀ẹ̀kan náà sì tó láyé yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fọ́tò èsì ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ojú ìwé kejì ni mo nílò. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ iye ọjọ́ tí ẹ fi sinmi, aago tí ẹ gba àtọ̀ àti aago tí wọ́n wò ó.